Ibi Tí Màlúù Dùbúlẹ̀ Sí

Nígbà tí Tetta dé etí odò láàárọ̀ ọjọ́ náà, omi kò dé kókósẹ̀ mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ó dé orúnkún. Nígbà tí yìnyín yọ́ tán, itan ló dé, ó sì ń pariwo débi pé èèyàn méjì kò lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ létí ẹ̀. Tetta gbé korobá igi rẹ̀ sílẹ̀, ó ń wo àwọn òkúta funfun tó yọrí jáde láàárín omi bí eyín òkú. Àwọn obìnrin yòókù ń sọ pé ooru ló fà á, pé odò wo ni kì í rù nígbà ooru. Tetta kò dá sí i. Ẹni tó bá mọ ohun tó ṣe kì í bá aládùúgbò jiyàn lórí ohun tó fà á.

Ohun tó ṣe nìyí.

Nígbà tí ìdílé mẹ́sàn-án náà fi àwọn ọkọ̀ wọn sílẹ̀ létí òkun, tí wọ́n gbé ẹrù, tí wọ́n da ẹran wọ inú ilẹ̀ yìí láti wá ibi tí wọ́n máa tẹ̀dó sí, òfin kan ni wọ́n gbé ti ilẹ̀ bàbá wọn wá. Wọn kì í fi ọgbọ́n orí yan ilẹ̀, torí bí orí bá ti pọ̀, ìjà á pọ̀. Abo màlúù tó ti bímọ lẹ́ẹ̀mẹta ni wọ́n máa ń tú okùn lọ́rùn rẹ̀ láàárọ̀, gbogbo ilé á sì máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ibi tó bá kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ sí, ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti gbà wọ́n, ibẹ̀ ni wọ́n á ri òpó àkọ́kọ́ mọ́. Ọwọ́ ènìyàn kò gbọdọ̀ kàn án. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá kàn án, wọ́n á tẹ́ ẹ sínú ẹrẹ̀ láàyè, wọ́n á fi ẹ̀ka igi tí wọ́n hun bí ẹní bò ó, wọ́n á wá máa to òkúta lé ẹní igi náà lórí títí tí kò fi ní mira mọ́.

Màlúù Tetta ni wọ́n tú lọ́jọ́ náà. Ìgbà òtútù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ sópin. Láti òwúrọ̀ kùtù ni ẹran yìí ti ń rìn, ó ń já koríko díẹ̀, ó ń rìn, kò jókòó, kò dúró pẹ́. Tetta sì ti fi ẹsẹ̀ yẹn rìn láti etíkun fún ọjọ́ mọ́kànlá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí ìyẹ̀fun pípò tó ti kan, awọ bàtà rẹ̀ sì ti wọ inú ẹran ara. Nígbà tí oòrùn rọ̀, kùrukùru sọ̀ kalẹ̀ bo àfonífojì. Màlúù náà dúró létí omi kan tó mọ́ gaara, tó ń sáré lórí òkúta funfun. Tetta wẹ̀yìn, kò rí ẹnì kankan. Ó wo iwájú, òkè ni. Ó ro ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ó ki ìka méjì bọ ihò imú màlúù náà, ó tẹ orí rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi orúnkún ti èjìká rẹ̀, bí wọ́n ti máa ń ṣe fún ẹran tó ń rọbí tí kò fẹ́ dùbúlẹ̀. Màlúù náà mí kanlẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Ó dùbúlẹ̀. Tetta nu ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ, ó wá lọgun pé kí wọ́n máa bọ̀.

Bassa, tó jẹ́ olórí wọn, tó tún jẹ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ Tetta tó ti kú, ló kọ́kọ́ sáré jáde látinú kùrukùru. Ó rí màlúù nílẹ̀, ó rí omi, ọkùnrin onírùngbọ̀n gbọọrọ yìí sì sunkún bí ọmọ ọwọ́. Wọ́n ri òpó kí ilẹ̀ tó ṣú. Tetta jókòó, ó bọ́ bàtà, ó ti ẹsẹ̀ méjèèjì bọ omi. Adùn ibẹ̀, kò lè gbàgbé.

Oṣù mẹ́rin ti kọjá. Ilé mẹ́sàn-án ti dúró, ọkà bálì ti yọ, àwọn àgùntàn ti bí. Adùn yẹn ló wá di ìkorò lẹ́nu Tetta yìí.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ojú omi já sí kòtò kòtò. Ẹja kéékèèké kún inú àwọn kòtò náà, wọ́n ń yí ẹ̀gbẹ́ funfun sókè, àwọn ẹyẹ ìwò sì ń rọ́ wá. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta mìíràn, kò sí kòtò mọ́. Àwọn ọkùnrin gbẹ́ àárín odò. Ó tutù títí dé ibi tí apá wọlé dé ìgbọ̀nwọ́, lẹ́yìn ìyẹn òkúta ẹfun gbígbẹ ló kù. Ẹnì kan gbé etí lé ihò náà, ó ní òun ń gbọ́ ohun kan tó ń lọ nísàlẹ̀, jìnnà réré, bí ìgbà tí èèyàn ń fa ẹsẹ̀ nílẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó gbẹ́ ilẹ̀ wá omi mọ́. Àwọn ọmọdé kò fẹ́ sọdá ibẹ̀. Àwọn àgùntàn ń ké láti òwúrọ̀ dalẹ́, ìrì tí àwọn obìnrin ń fi irun àgùntàn nù lára koríko, tí wọ́n ń fún sínú ìkòkò, ni wọ́n fi ń tu àwọn ọmọ lọ́fun. Ọtí bálì tó kù nílé Bassa, wọ́n ń fi ìbò pín in.

Ẹ̀rù ba gbogbo wọn. Èyí tó ń ba Bassa ló wá burú jù, torí ẹni tí ẹ̀rù ń bà tí àṣẹ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹlòmíràn má wulẹ̀ dúró nítòsí ẹ̀.

Bugga, ìyàwó Bassa, obìnrin gíga kan tí ohùn rẹ̀ máa ń dé ilé kẹsàn-án láì lọgun, ló gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ nígbà tí wọ́n pé jọ sídìí òpó. Ó bi wọ́n pé kí ni wọ́n ní lónìí tí wọn kò ní lọ́jọ́ tí wọ́n ri òpó yìí. Ó fi ìka kà á fún wọn: wọ́n ní ilé, wọ́n ní ọgbà, wọ́n ní àlejò kan.

Gbogbo ojú yí sí Meleri.

Àlejò ni wọ́n ń pe àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí, àwọn tí bàbá bàbá wọn ti ń da ẹran jẹko níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni nínú ìdílé mẹ́sàn-án náà tó gbọ́ pé ilẹ̀ kan wà lódìkejì òkun. Ẹni tó dé lánàá ń pe onílẹ̀ ní àlejò, ojú kò sì tì í. Hunna, ọmọ kan ṣoṣo tó kù lára mẹ́rin tí Tetta bí, ló rí Meleri létí igbó tó ń ṣẹ́gi, nígbà tí òdòdó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín síra wọn lọ́jọ́ mẹ́ta, ní ọjọ́ kẹrin Meleri tọ̀ ọ́ wálé, ó di ìyàwó rẹ̀. Láti ìgbà náà ni Tetta ti ń fi ọmọ yìí ṣe ẹlẹ́yà. Búrẹ́dì rẹ̀ le. Ẹ̀rín rẹ̀ pọ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí oúnjẹ gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀lẹ ni, torí ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó dé, nígbà tí kò tíì gbọ́ èdè, ó na ìka sí odò, ó wá gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé àtẹ́lẹwọ́, ó di ojú. Tetta ní bó bá jẹ́ oorun lo wá sùn nílé ọkọ, gbé korobá yìí ná.

Bassa fi sùúrù bi Meleri léèrè bóyá ó mọ nǹkan kan nípa omi yìí. Ó ti gbọ́ èdè tó ìwọ̀n báyìí, ó sì dáhùn láì wo ọ̀tún wòsì, bí ẹni tí kò mọ̀ pé pańpẹ́ ló ń tẹ̀.

"Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá. Omi yìí máa ń sùn. Bí ooru bá dé, á wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ sùn. Bí òtútù bá mú dáadáa, á jí."

"Ta ló ń mú un sùn?"

"Kò sẹ́ni tó ń mú un. Àwa ṣáà ti mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀."

Bugga pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Ẹ gbọ́ o. Wọ́n mọ ìgbà tó ń sùn, wọ́n mọ ìgbà tó ń jí. Ta ló ń mọ ìgbà tí ọmọ sùn bí kì í bá ṣe ẹni tó pọ̀n ọ́n?"

Ó tán síbẹ̀. Bó bá sọ pé òun kò mọ̀ ni, bóyá wọn ì bá ṣì jiyàn. Mímọ̀ tó mọ̀ ọ́n ló dá a lẹ́bi. Wọ́n dè é mọ́ èèkàn nínú ọgbà àgùntàn. Bassa ní bí omi kò bá padà kí oòrùn ọ̀tunla tó dé àárín orí, ẹni tó fi omi pamọ́ á lọ bá omi níbi tó wà. Ọkùnrin mẹ́ta ló di Hunna mú. Nígbà tí wọ́n jù ú sílẹ̀, eyín rẹ̀ kan ti dànù, àwọn ọkùnrin kan sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé ẹ̀ka igi tí wọ́n máa hun.

Tetta wọlé, ó jókòó sídìí ààrò tí kò níná. Ó ń wo ìka méjì yẹn, èyí tó kì bọ imú màlúù. Lójú tirẹ̀, kò sí ohun tó rújú. Òun ló parọ́ fún ilẹ̀, ilẹ̀ fa omi rẹ̀ padà. Ọmọ tí wọ́n dè sínú ọgbà yẹn kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀. Hunna wọlé bá a, ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu, ó wólẹ̀ síwájú rẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ bá Bassa sọ̀rọ̀, torí Bassa a máa gbọ́ tirẹ̀. Tetta ní kí lòun fẹ́ sọ. Hunna dìde.

"Ìyá mi, láyé yìí, ọ̀rọ̀ kò wọ́n yín rí. Òní ló wá wọ́n."

Ó jáde lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, Tetta bu wàrà díẹ̀, ó gbé e lọ sọ́gbà. Bugga jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó fẹnu tọ́ wàrà náà wò kó tó jẹ́ kó wọlé. Meleri mu ún tán. Ètè rẹ̀ ti bó. Kò sunkún, ìyẹn gan-an ló ba Tetta lẹ́rù jù, torí ẹni tí kò sunkún ti ń wo ọ̀nà ọ̀run.

"Kí ló dé tó ò sọ fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀?" Tetta sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kí Bugga má baà gbọ́.

"Mo sọ fún yín. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ ní kí n gbé korobá."

Tetta gbé abọ́ wàrà tó ti ṣófo nílẹ̀.

"Àwọn ará ilé wa jókòó sínú igbó nígbà tí ẹ ń kọ́lé, wọ́n ń fi yín rẹ́rìn-ín," Meleri ń bá a lọ. "Kò sẹ́ni tó ń kọ́lé síbí, Ìyá. Ìgbà òtútù nìkan la fi ń da ẹran jẹko níbí. Bí ooru bá dé, a ó sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi tí omi kì í ti í sùn. Mo rò pé ẹ̀yin náà máa lọ. Mo ń retí pé kí ẹ di ẹrù."

"Níbo?"

"Ẹ tọ odò gbígbẹ yìí lọ sísàlẹ̀. Kò tó ìrìn àárọ̀ kan. Ìsun ni. Omi ibẹ̀ ń tú jáde lábẹ́ òkè, ooru kò mọ̀ ọ́n."

Tetta di ọ̀rọ̀ yìí mú bí ẹni tó ń rì sómi ṣe ń di koríko mú. Bóyá ọ̀nà kan wà tí kò ní kan ti ìka méjì. Ó sáré lọ bá Bassa nídìí òpó níbi tó ti ń wo àwọn tó ń hun ẹní igi. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé òun gbọ́ pé omi wà nísàlẹ̀, kí wọ́n ṣáà kó lọ síbẹ̀, kí wọ́n fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀.

Bassa mi orí. Ojú rẹ̀ ti wọnú. "Òpó kì í rìn, ìyàwó wa. Ibi tí àmì bá fi wá sí la wà. Ẹni tó bá fà á tu, ilẹ̀ á gbé e mì, àtòun àtọmọ rẹ̀. Ká kú síbí sàn ju ìyẹn lọ." Ó mí. "Àfi bó bá jẹ́ pé irọ́ ni àmì náà. Ta ló sì máa pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀?"

Kò wo ojú rẹ̀ nígbà tó sọ ọ́. Ìbéèrè lásán ni. Ṣùgbọ́n ó dà bíi pé ó gbé ọwọ́ lé Tetta láyà, ó sì tì í. Tetta ní lóòótọ́, ta ló máa pa á, ó sì padà lọ sílé rẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀ ní ọ̀sán gangan, ó fi aṣọ bo orí. Ó ń ro bí òkúta ṣe máa ń wúwo tó, ó ń ro èyí tó máa kọ́kọ́ dé, bóyá orí àyà ni wọ́n máa ń gbé e sí tàbí orí ẹsẹ̀, ó ń ro bóyá èèyàn á ṣì máa gbọ́ ohùn àwọn tó ń tò ó. Ó ti rí i rí nígbà tó wà lọ́mọdé. Ìka ẹsẹ̀ ló pẹ́ jù láti dákẹ́.

Ọjọ́ kẹta, kò sómi. Nígbà tí oòrùn dé àárín orí, wọ́n mú Meleri jáde. Wọ́n ti gbẹ́ ibùsùn rẹ̀ sí àárín odò, ó mọ bíi bó ṣe ga. Àwọn obìnrin ti ṣa òkúta jọ, ilé kọ̀ọ̀kan kó tirẹ̀ wá, torí òfin ni pé kí ọwọ́ gbogbo ilé wà níbẹ̀. Òkúta tó jẹ́ ti ilé Tetta wà lọ́wọ́ Tetta. Funfun ni, ó mọ bí orí ọmọ tuntun. Wọ́n ti so Hunna mọ́ òpó. Meleri wò yíká, ó wá Hunna, ó rí i. Ìgbà yẹn ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn, gbogbo ènìyàn sì ń gbọ́ ọ.

Tetta ju òkúta rẹ̀ nù.

"Ẹ tú ọmọ yẹn sílẹ̀," ó ní. "Èmi ni mo fa màlúù lulẹ̀."

Bugga ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

"Àṣé báyìí lo ṣe fẹ́ràn ìyàwó ọmọ ẹ tó? Láti ìgbà wo?"

"N kò fẹ́ràn ẹ̀. Búrẹ́dì rẹ̀ le bíi pátákó. Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí lọ́jọ́ náà." Ó nawọ́ sí bàtà rẹ̀. "Ẹsẹ̀ lásán ni. N kò lè rìn mọ́, kùrukùru sì bò yín mọ́lẹ̀."

Wọ́n kò gbà á gbọ́. Èyí tó dójú tì í jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni bó ṣe kéré tó: ìdílé mẹ́sàn-án, òkun tí wọ́n là kọjá, àwọn ọmọ tí òkun gbé lọ, torí ẹsẹ̀ obìnrin kan ni gbogbo rẹ̀ fi dúró síbi tí kò yẹ kó dúró sí. Nítorí náà ló ṣe rìn lọ bá màlúù rẹ̀ níbi tó so ó sí lójú gbogbo wọn. Ó ki ìka méjì bọ imú rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó fi orúnkún tì í léjìká. Ẹran náà mí kanlẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó dùbúlẹ̀ bó ti ṣe lọ́jọ́ kìíní gan-an.

Ohùn kan jáde lẹ́nu àwọn èèyàn náà, kì í ṣe ariwo, kì í ṣe ìbòsí. Ó dà bí ìgbà tí gbogbo agbo àgùntàn bá gbóòórùn ìkookò lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n fà sẹ́yìn kúrò nídìí òpó. Ọkùnrin kan na ọwọ́ sí ẹní igi, ó ní ibùsùn wà nílẹ̀ ṣáà, kí wọ́n kàn pààrọ̀ ẹni tó máa sùn ún. Ẹlòmíràn ní kí àwọn méjèèjì sùn ún.

Bassa gbé ọwọ́ sókè. Ó ní màlúù ni wọ́n tàn jẹ, màlúù ni yóò dájọ́. Kí wọ́n tú u. Bó bá dùbúlẹ̀ fúnra rẹ̀ nítòsí omi kí oòrùn ọjọ́ yìí tó wọ̀, ilẹ̀ ti dárí jì, kí àwọn obìnrin méjèèjì wà láàyè. Bí kò bá dùbúlẹ̀, tàbí tó bá dùbúlẹ̀ síbi tí kò sómi, ẹní igi náà fẹ̀ tó èèyàn méjì.

Báyìí ni wọ́n ṣe gbéra. Màlúù ló ṣíwájú. Tetta àti Meleri tẹ̀ lé e níwọ̀n ogún ẹsẹ̀, wọ́n dè wọ́n lọ́wọ́ sẹ́yìn, okùn méjèèjì sì wà lọ́wọ́ Bugga. Bassa tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú àwọn tó kù, tí wọ́n tú Hunna kúrò lára òpó, tí wọ́n sì ń fà á lọ. Lẹ́yìn pátápátá, ọkùnrin mẹ́rin gbé ẹní igi náà lérí, ẹ̀ka tútù rẹ̀ sì ń ké wẹ́kẹ́ wẹ́kẹ́ ní gbogbo ìṣísẹ̀. Tetta kò wẹ̀yìn. Kò nílò kó wẹ̀yìn.

Ọjọ́ mẹ́ta ni màlúù náà kò tíì rí nǹkan lá ju ẹrẹ̀ lọ. Ó kọ́kọ́ dúró síbẹ̀, ó ń wo gbogbo wọn bí ẹni tó ń bi wọ́n pé kí lẹ tún fẹ́. Lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ kan fẹ́ ti ìsàlẹ̀ àfonífojì wá. Ó gbé imú sókè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ojú odò gbígbẹ lọ, ó ń rìn, ó ń yára, nígbà tó yá ó ń sáré gìdìgìdì, ọmú rẹ̀ ń fì sọ́tùn-ún sósì. Wọ́n sáré tẹ̀ lé e. Tetta ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, Bugga sì fi okùn fà á dìde bíi pé àgùntàn ni.

Omi wà níbẹ̀. Lábẹ́ òkè ẹfun kan, láàárín àwọn igi tí gbòǹgbò wọn dúdú, ó ń tú jáde ní ojú mẹ́fà, méje, láì pariwo, bíi pé kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń wá òun. Gbogbo ìlú da ẹnu dé omi. Àwọn tó gbé ẹní igi sọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n dojú bolẹ̀, Bassa ti rùngbọ̀n bọ̀ ọ́. Bugga so okùn mọ́ igi kó tó lọ mu tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó fún àwọn méjèèjì lómi.

Màlúù mu omi títí ikùn rẹ̀ fi le. Ó gbé orí sókè. Gbogbo ènìyàn dìde, omi ń kán lágbọ̀n wọn, wọ́n ń wò ó.

Kò dùbúlẹ̀.

Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀, ó ń fa pátákò, kòkòrò sì pọ̀ bí èéfín. Màlúù náà ń fi ìrù lu ara. Oòrùn ti sún mọ́ orí òkè ìwọ̀ oòrùn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ nínú ẹrẹ̀, ó kẹ̀yìn sí omi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè lọ.

"Ó ń kọ̀ ọ́," Bugga sọ. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ohùn rẹ̀ kò dé ilé kẹsàn-án. Ẹ̀rù ń ba òun náà.

Àwọn ọkùnrin mẹ́rin yẹn bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé ẹní igi. Tetta ń wo ẹ̀yìn màlúù rẹ̀ tó ń gòkè. Ó mọ̀ pé lẹ́yìn òkè yẹn, òkè mìíràn ni, kò sómi, kò sí nǹkan kan. Ó rí i pé ìka méjì òun ń tẹ̀ sísàlẹ̀ lẹ́yìn òun, wọ́n ń tẹ̀, wọ́n ń tẹ̀, bíi pé imú ẹran ṣì wà lórí wọn, ó sì fi ọwọ́ kejì gbá wọn mú kí ẹnikẹ́ni má rí i. Meleri ń sọ nǹkan wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lédè tirẹ̀. Òjìji òkè ti bo ìsun, ó ti bo àwọn igi, ó ń gun òkè lọ lẹ́yìn màlúù náà gan-an bí ohun tó ń lépa rẹ̀.

Nítòsí orí òkè, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ tí kòkòrò kò sì lè dúró, màlúù náà yí po lẹ́ẹ̀kan. Ó yí po lẹ́ẹ̀kejì. Ó tẹ orúnkún méjèèjì. Ó dùbúlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àpọ̀jẹ, oòrùn sì ṣì wà lára ìwo rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin mẹ́rin náà béèrè bóyá ibẹ̀ ni à ń pè ní ìtòsí omi. Bassa wo ìsun, ó wo òkè, ó fi ojú wọn ọ̀nà tó wà láàárín wọn, ó ní obìnrin tó bá ru ìkòkò kò ní sinmi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kó tó débẹ̀. Ìtòsí ni.

Ibẹ̀ ni wọ́n ri òpó mọ́, ibẹ̀ náà ni abúlé wọn wà títí dòní, lórí òkè nínú afẹ́fẹ́, tí omi wà nísàlẹ̀, tí àtìyá àtọmọ ń ru ìkòkò gòkè tí wọ́n ń ṣẹ́ èpè fún màlúù tó ti kú láti ayé àwọn bàbá ńlá wọn.

Wọ́n tú Meleri. Wọ́n tú Tetta náà, ṣùgbọ́n Bassa sọ fún un níṣojú gbogbo ènìyàn pé ọwọ́ tó tan ilẹ̀ jẹ kò gbọdọ̀ kan òpó kankan nínú abúlé yìí. Ilé rẹ̀ á wà lóde ọgbà, níbi tí gbígbó ajá lè dé tí ajá fúnra rẹ̀ kò ní dé. Bí ìkookò bá wá, kó lọgun. Bóyá wọ́n á gbọ́. Hunna la ẹnu láti sọ̀rọ̀, Tetta sì fi ojú dá a dúró. Ẹ̀mí òun ṣì wà lára òun, kí lòun tún ń wá.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí wọ́n lọ kó ẹrù àti ẹran wọn dé, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi tí wọ́n nawọ́ sí fún un, nísàlẹ̀ òkè lápá igbó. Ó jókòó. Ó gbìyànjú láti ṣá òkúta iná, òkúta náà ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ohun tó bá ta nínú igbó ló ń gbọ́. Ó ń gbọ́ ohùn igi híhun tó ń ké wẹ́kẹ́ wẹ́kẹ́, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti tú ẹní náà ká, wọ́n ti fi ẹ̀ka rẹ̀ ṣe ọgbà.

Ẹnì kan ń bọ̀. Tetta gbá igi mú. Meleri ni, ẹrù rẹ̀ lórí, ojú okùn ṣì pọ́n lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Hunna wà lẹ́yìn rẹ̀, ó fa àgùntàn méjì, kò sọ nǹkan kan.

"Ṣé orí rẹ dàrú ni?" Tetta ní. "Wọ́n ti tú ọ sílẹ̀. Padà sínú ọgbà."

Meleri sọ ẹrù kalẹ̀. "Àwọn tó wà nínú ọgbà, Ìyá, àwọn ló ṣa òkúta. Ẹni tó wà níta, màlúù ló fà lulẹ̀. Èmi mọ èyí tí mo lè sùn tì."

Ó kúnlẹ̀, ó gba òkúta iná lọ́wọ́ rẹ̀.